Abẹ́rẹ́ Inú Fíríìjì àti Bọ́tìnnì Ọrùn Yín

Òkun o, Bàbá mi,

Òkun ni mo fi kí yín nítorí n kò mọ ìgbà tó jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Yorùbá tí mo kọ́ ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé ní Kánádà kún fún ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ojú sánmà kó tó lè kí bàbá rẹ̀. Òkun tiwa kì í béèrè aago. Wọ́n ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òkun ni. Wọ́n ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, òkun náà ni. Lọ́jọ́ tí a sin yín, gbogbo èèyàn tó wá láti Ìjùmú ló ń sọ ọ́ sí mi létí, òkun, òkun, òkun, títí ó fi dà bí ìró omi.

Ara le. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi kí n máa dáhùn nìyẹn. Àwọn ará ìjọ yín á wá, wọ́n á ní ṣé ara le, mà á ní ara le, wọ́n á gbé kúlà oúnjẹ kalẹ̀, mà á jẹ ẹ́ tán. Mi ò tíì sunkún, Bàbá. Mò ń retí ẹkún náà bí èèyàn ṣe ń retí kí wọ́n mú iná wá. Mo ti tan súìṣì sílẹ̀. Mo jókòó.

Inú ilé yín ní Kabawa, ní Lọ́kọ́ja níbí, ni mo ṣì wà. Mi ò gbé nǹkan kan kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Ife tíì yín wà lórí tábìlì, ṣíbí wà nínú rẹ̀, èyí tí ẹ máa fi ń lù ú lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ pè. Dò, rè, mí. Ẹ ó ní kí n fi ohùn sí i. Ẹ ó ní èdè tí kò lóhùn, òkú ni. Mà á máa fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn. Ta ni mo rò pé ó máa dúró dè mí títí mà á fi gbọ́n?

Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì yín náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ibi ọrùn wọn ló gbó jù. Mo rántí yín nínú ooru Lọ́kọ́ja yìí, ooru oṣù kẹta tí ewúrẹ́ pàápàá ń sá sábẹ́ mọ́tò, tí ẹ gbé tówẹ́ẹ̀lì tútù lérí, tí òógùn ń ṣàn wọ etí yín, tí ẹ sì de bọ́tìnnì dé ọ̀fun. Mo rò pé bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń múra nìyẹn. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Nínú gbogbo fọ́tò tí mo ní, kò sí èyí tí mo ti rí ọrùn yín.

Ìròyìn tí mo fẹ́ sọ rèé. Mo sanra. Ẹ ti mọ̀, ẹ fi ń yìn mí ni. Ẹ ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, ẹ ó ní, “Ọmọ mi sanra, Ọlọ́run ṣeun.” Mà á bínú, nítorí níbi tí mo dàgbà sí, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ìyìn. Ìgbà tí mo wá ń kọ́ èdè yìí tọkàntọkàn ni mo tú u palẹ̀, mo rí san, mo rí ara. Ara tó san. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí nìyẹn? Pé ara mi yá, pé ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Màmá ní Kánádà lẹ́yìn ikú Màmá kò tíì bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́?

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé yín lọ, Bàbá. Lẹ́yìn ìsìnkú mo lọ wọn tèmi, tèmi náà ti ń gòkè. Ṣúgà ti ń dé ibi tí kò dáa. Orúnkún ń ké tí mo bá gun àtẹ̀gùn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Kánádà ń gún abẹ́rẹ́ kan báyìí, èyí tó ń jẹ́ kí oúnjẹ sú èèyàn kó lè fọn. Mo ní èmi náà á gún un. Mi ò fẹ́ ṣubú lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bíi tiyín.

Mo rí obìnrin kan tó ń tà á lórí fóònù. Ìbéèrè kan ló bi mí: “Sìsítà mi, ṣé kí n gbé e wá ni, àbí ẹ ó wá gbà á?” Ó gbé e wá nínú ọ̀rá, pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà dídì méjì tó ti ń yọ́. Ó rí bíi bírò ìkọ̀wé. Mo gbé e sínú fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò omi yín tí mi ò tíì dànù. Iná lọ. Iná dé. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn fíríìjì, mà á wo òun àti omi yín, mà á tì í padà.

Bí a ṣe ń gún un ni mi ò mọ̀. Ìyẹn nìkan ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà kan tó ní kíníìkì kékeré lẹ́yìn gbàgede Paparanda. Ọmọ Ebira ni, obìnrin, ó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ, ẹ̀ bá ti fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbé bírò náà síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

“Ta ló tà á fún ọ?”

Mo sọ.

“Ṣé o mọ ibi tó sùn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ? Ṣé inú òtútù ni àbí inú bọ́ọ̀tù mọ́tò? Àbúrò mi, èyí kì í ṣe ọṣẹ ìpara.” Ó fi ìwé kan tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Tí a bá máa lo ọ̀kan, a ó rà á níbi tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ná.”

Ó wá ń bi mí. Ṣé mo lóyún, àbí mò ń wá ọmọ? Oògùn wo ni mò ń lò? Ṣé inú ti run mí rí débi tí wọ́n fi dá mi dúró sílé ìwòsàn? Ṣé wọ́n ti rí òkúta nínú òróòro mi? Ó ní kì í ṣe oògùn oṣù kan o. Tí mo bá dá a dúró, ẹran ara lè padà wá bí ọmọ tó mọ ọ̀nà ilé. Ó ní díẹ̀díẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀, pé èébì lè máa gbé mi, ìgbẹ́ lè le, àti pé kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń lọ, iṣan náà ń lọ, nítorí náà kí n máa fi tipátipá jẹ ẹja àti ẹyin àti ẹ̀wà.

“Oúnjẹ lè má wù ọ́ mọ́ rárá. Ṣé o mọ̀?”

Mo ní kò wù mí tẹ́lẹ̀, mo kàn ń jẹ ẹ́ ni.

Ó gbé bírò tirẹ̀ sílẹ̀. “Ta ló kú?”

Mo ní ẹ̀yin ni. Mo sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń sọ àdírẹ́ẹ̀sì. Ó ní òkun. Ọmọ Ebira, ó ní òkun fún mi. Ẹkún náà fẹ́ dé, kò dé.

Ìbéèrè kan ló kù. Ó ní ṣé ẹnìkan wà nínú ìdílé wa tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́rùn rí, tàbí tó ní jẹjẹrẹ ọ̀fun, nítorí oríṣi kan wà tó máa ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ, ẹni tí irú rẹ̀ bá sì wà nínú ìdílé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú kan abẹ́rẹ́ yìí. Mo ṣí ẹnu láti sọ pé rárá. Mo rí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì yín.

Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀.

Lọ́wọ́ ta ni, Bàbá? Màmá ti lọ. Ẹ̀yin náà lọ. Àǹtí Yẹmí, àbúrò yín, ló kù, òun tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Kpata. Mo pè é. Ariwo ọjà bò wá, ó ń fi Hausa ná owó pẹ̀lú ẹnìkan, ó ń fi Píjìnnì lé ẹlòmíràn. Mo kígbe pé kí ló ṣe ọrùn Bàbá. Ó kígbe padà ní ọ̀rọ̀ méjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé e. Ohun tí mo gbọ́ ni, “Gẹ́gẹ́ ni.”

Mo mọ gẹ́gẹ́. Ó wà nínú ìwé mi. Ohun tó ṣe gẹ́gẹ́, ó bá a mu, kò lábùkù. Mo ní á à, ó dára, ọrùn Bàbá ṣe gẹ́gẹ́. Inú mi ì bá dùn, tí inú mi bá ṣì ń dùn sí nǹkan.

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo ní mo ti bi Àǹtí mi. Ó ti bá mi rí abẹ́rẹ́ gidi láti ilé oògùn kan tí ó mọ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo ká aṣọ sókè, ó fi òwú tó tutù nu ikùn mi. Ó ti ṣí ìdérí abẹ́rẹ́. Ó wá ní, bí ẹni tó ń ṣeré, “Ó dáa, kí ni Àǹtí rẹ sọ?”

“Ó ní gẹ́gẹ́ ni.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Tún un sọ.”

“Gẹ́gẹ́.”

“Gẹ́gẹ́, àbí gẹ̀gẹ̀?”

Bàbá, mo gbọ́ ṣíbí yín. Mo gbọ́ ọ nínú yàrá yẹn. Mí mí. Dò dò. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ kejì yẹn. Ẹ ò kọ́ mi ní ìyẹn rí. Ẹ kọ́ mi ní orí, ẹ kọ́ mi ní etí, ẹ kọ́ mi ní èjìká. Ẹ fo ọrùn.

Dókítà dé abẹ́rẹ́ padà. Ó ní kí n pe Àǹtí, kí n fi sí gbohùngbohùn kí òun náà lè gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá ṣáká.

“Gẹ̀gẹ̀ ni mo sọ!” Àǹtí ní. “Gẹ̀gẹ̀! Ó wú síta lọ́rùn rẹ̀ bí ọsàn, wọ́n gé e kí wọ́n tó bí ẹ. Kí lo rò pé mo sọ?”

“Gẹ́gẹ́, mà.”

“Yéè! Ọmọ Kánádà, Yorùbá rẹ á pa ọ́ lọ́jọ́ kan!” Ó rẹ́rìn-ín, ẹnìkan nínú ọjà bá a rẹ́rìn-ín. Dókítà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó béèrè lọ́wọ́ Àǹtí bóyá àwọn tó gé e sọ irú èyí tó jẹ́, ṣé gẹ̀gẹ̀ lásán ni àbí jẹjẹrẹ.

“Bùọ̀dá mi ò sọ,” Àǹtí ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Mo bi í. Ó ní wọ́n ti yọ ọ́, ọ̀rọ̀ tán. Ó de bọ́tìnnì rẹ̀.”

Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Ṣé ẹ ò mọ̀ ni, àbí ẹ mọ̀? Ṣé torí kí n má bàa bẹ̀rù ni, àbí torí kí ẹ̀yin má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ara yín? Gbogbo Sunday yẹn, tí a ń sọ nípa yìnyín àti ìdánwò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo nílò lọ́wọ́ yín, dò dò lásán, kò tó ìṣẹ́jú kan.

Dókítà ní ọ̀pọ̀ gẹ̀gẹ̀ ni kì í ṣe jẹjẹrẹ, kí n má gbé e lérí. Ó ní ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí a ò mọ̀, òun ò ní gún mi. Ó fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa fẹsẹ̀ rìn lọ sódò ní ìrọ̀lẹ́. Ó wá ní kí n dìde jókòó. Ó bọ́ sẹ́yìn mi, ó fi ìka ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mi mú, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wọn ẹ̀gbà ọrùn fún ọmọ.

“Gbé itọ́ mì.”

Mo gbé e mì. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì pẹ́ lára mi tó bẹ́ẹ̀.

“Tún gbé e mì.”

Ìka rẹ̀ lọ sí ọ̀tún, ó lọ sí òsì, ó dúró ní òsì. Ó kúrò, ó tún padà síbẹ̀. Ó ní a ó ya àwòrán ọrùn náà, a ó sì fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò jìnnà. Mo ní ẹ ṣeun, mà. Mo gba Paparanda kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Kabawa. Awakọ̀ náà ń kọrin Nupe. Mo san owó rẹ̀.

Mo ti fi bírò obìnrin yẹn sílẹ̀ fún dókítà kó bá mi sọ ọ́ nù bó ṣe yẹ. Fíríìjì ku omi yín nìkan.

Nígbà tí mo délé mo mú ṣẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èyí aláwọ̀ búlúù yẹn. Mo wọ̀ ọ́. Ó fún mi níkùn díẹ̀. Mo de bọ́tìnnì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, títí mo fi dé èyí tó kẹ́yìn. Ooru mú. Òógùn ṣàn wọ etí mi. Mo gbé itọ́ mì, mo sì gbọ́ bí bọ́tìnnì náà ṣe gbéra tó sì padà sílẹ̀ sí mi lọ́fun.

Ṣé bó ṣe máa ń ṣe yín nìyẹn, Bàbá?

Mi ò tíì tú u.

Èmi ni, ọmọ yín tó sanra, tó ṣì ń wá ohùn tó yẹ kó fi pè yín.