Ẹni Tí Yóò Kọ́ Ajíbádé, Ẹṣin Mi

Agboolé Ẹlẹ́ṣin,
Ọ̀fà.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìn-ín-ní, 1958.

Gbádé, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé ara le ní Ìlọrin? Ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún tó máa ń dùn ọ́ nígbà ọyẹ́ kò tíì dá ọ dúró nídìí òfì? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ ọmọ tí mi ò lè ka iye wọn mọ́? Ọyẹ́ ọdún yìí le ní Ọ̀fà. Ètè gbogbo wa ló bó. Èmi wà láàyè. Caroline, ìyàwó tíṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá wí ni kó kọ, kó má fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tù mí nínú láàárín rẹ̀. Ìwọ náà, má fi ọ̀rọ̀ ìtùnú ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ọmọ méjì ni mo ti sin kí ó tó kan ìyá wọn. Mo ti gbọ́ gbogbo èyí tí ẹnu lè sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ara mi kò balẹ̀. Mo jókòó, mo tún dìde. Mo dé ibùso ẹṣin, mo tún padà. Caroline ní kí n jókòó, ọrùn ń dun òun bí òun ṣe ń yí i tẹ̀ lé mi.

O mọ Ajíbádé, ẹṣin dúdú tí mo fi orúkọ àbúrò mi tó kú sógun Bọ́mà pè. Ọ̀ṣunrẹ̀mí ìyàwó mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ẹṣin náà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Láti oṣù mẹ́jọ tí Ọ̀ṣunrẹ̀mí ti lọ, ẹṣin náà kò gba gàárì, kò gba ìjánu. Mo gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó gbé mi sọ sẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì jókòó dáadáa tí ilẹ̀ fi pè mí. Lóṣù tó kọjá, ó ta Baálé ilé wa fúnra rẹ̀ nípàá lórúnkún. Ọjọ́ náà ni Baálé fún mi di ìparí òjò àkọ́rọ̀: bí ẹṣin yìí kò bá gbọ́ràn títí di ìgbà náà, títà ni wọn yóò tà á. Gbádé, mi ò ní nǹkan mìíràn tí ọwọ́ Ọ̀ṣunrẹ̀mí tọ́ dàgbà, tó ṣì ń mí.

Mo wá ẹni tó mọ iṣẹ́. Láńrewájú ará Ìjàgbò, tó ti tọ́jú ẹṣin ọlọ́pàá rí, ló kọ́kọ́ dé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lòun yóò máa wá. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, pàṣán ló yọ kí ó tó wo ojú ẹṣin. Mo ní kí ó máa lọ. Ó ní, “Bàbá, ẹṣin ni mo wá kọ́, n ò wá fẹ́ ọmọ yín.” Mo ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ mi ló wá fẹ́, mi ò ní fún un.

Ẹnìkejì ni Tàjùdéèn, ará Ìlọrin yín níbẹ̀, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ fi ẹṣin kíkọ́ jẹun. Tirẹ̀ ni pé kí n fi ẹṣin sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun fún oṣù mẹ́ta, kí n má sì yọjú. Ó wá wò ó ní ìjẹrin. Kò fọwọ́ kan án. Ó kàn lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn, ó ń wò bí mo ṣe ń pariwo “Ajíbádé! Ajíbádé!” tí ẹṣin kò mi etí.

Ó bi mí pé, “Bàbá, ta ló ń fún un lóúnjẹ tẹ́lẹ̀?”

“Ìyàwó mi.”

“Kí ni wọ́n ń pè é?”

Mo ní Ajíbádé ni, kí ni ì bá tún pè é? Ni Àrìnpé, ìyàwó àbúrò mi mìíràn, tó ń fẹ́ ọkà nítòsí, bá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ọkùnrin ilé yìí! Ìyàwó wo ni yóò máa pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Ajíbádé ti wà nílé kí ìyá tó wọlé. Orúkọ tí wọ́n fún un náà ni wọ́n fún ẹṣin.” Ó gbé atẹ sílẹ̀, ó ní, “Adúmáradán, ọkọ mi, máa bọ̀.” Ẹṣin gbé orí, ó tọ̀ ọ́ lọ, ó fi imú sí i lọ́wọ́.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi bá obìnrin yẹn gbé. Àràárọ̀ ni mo ń gbọ́ Adúmáradán láti ẹ̀yìnkùlé, mo rò pé orin ló ń kọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń pààrọ̀ ìjánu, tí mo ń pààrọ̀ koríko, tí mo ń fi orúkọ tí kò jẹ́ rí pè é. Mo bi Àrìnpé pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Ta ló tó sún mọ́ yín látìgbà náà?”

Mo ní kí Àrìnpé máa bá mi pè é. Tàjùdéèn kọ̀. “Ohùn tó bá gbọ́ nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa jẹ́. Bí ẹ bá fi í lé mi lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́ta, ohùn mi ni yóò mọ̀. Ẹ ó kàn máa bá mi bọ́ ẹṣin mi ni. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ tiyín, ẹ tẹ̀ lé e wá.”

Ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Láti ìgbà tí mo ti sin ìyàwó mi sí yàrá ẹ̀yìn, mi ò tíì sun ibòmíràn. Bí mo bá lọ, ta ni yóò wà níbẹ̀? Bí mi ò bá lọ, ẹṣin lọ nìyẹn. Láàárọ̀ àná, mo dá lọ sí ibùso. Mo fẹ́ pe orúkọ náà, “Ajíbádé” ni mo tún pè. Ọ̀rọ̀ aya ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ. Mo tún gbìyànjú, ó jáde. Ẹṣin wá sọ́dọ̀ mi. Ó dúró, ó ń wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni pé ẹnìkan tún ń bọ̀. Mo sọ fún un pé kò sí ẹnikẹ́ni mọ́, àfi èmi.

Nítorí náà, mò ń bọ̀. Bí a bá ti ná ọjà tó ń bọ̀ yìí tán, a ó gbéra. Ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn. Mi ò ní tì í sínú ọkọ̀ ojú irin. Yàrá kan ni mo fẹ́ lọ́dọ̀ rẹ fún oṣù mẹ́ta, àti igi tí mo lè so ẹṣin mọ́. Àrìnpé ní òun yóò máa gbá yàrá ẹ̀yìn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí àwọn ọmọ, kí gbogbo ará Ọ̀fà tó wà ní àdúgbò yín. Nígbà tí a bá dé, kí ẹnikẹ́ni má sunkún kí mi. Omi ẹṣin ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń bọ̀ lọ́nà,
Fáṣakin.