Orin Tí Mi Ò Gbọ́ Èdè Rẹ̀

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Peckham níbí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí àárẹ̀. Mo kí Kẹ́hìndé àbúrò mi, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìsẹ́yìn, mo sì kí ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, tí ẹ ní ọmọ lẹ́yìn odi. Ẹ kú ìfojúsọ́nà.

Lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, ẹ ní ẹ kì í gbọ́ orin lẹ́yìn mi mọ́. Ẹ ní tẹ́lẹ̀, bí mo bá pè yín, àpàlà tàbí fújì á máa lọ lábẹ́ ohùn mi, ṣùgbọ́n ní báyìí ó dákẹ́ lọ gbári. Ẹ wá ní kí n sọ irú orin tí mò ń gbọ́ fún yín, kí ẹ lè mọ̀ pé ara mi yá. Mi ò dá yín lóhùn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn báyìí.

Ìyá mi, ó ń rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Lọ́ńdìrì kan ní Bermondsey ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Aṣọ gbígbóná ni mò ń ká láti àárọ̀. Bí mo bá jáde, òtútù á gbá mi létí bí ẹni tí mo ṣẹ̀. Ọjọ́ tí Bàbá jáde láyé náà la sin wọ́n, bí ẹ̀sìn wa ti wí, orí fóònù ni mo sì ti wò ó tí wọ́n ń bu erùpẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò tan orin mọ́. Mi ò sì sunkún. Mo kàn lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo ń ká aṣọ.

Sípíkà kan wà níbi iṣẹ́ wa. Àwọn méjì ló máa ń yan orin síbẹ̀. Ọ̀kan ni Uncle Clive, àgbàlagbà ará Jàmáíkà tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìfọṣọ. Rẹ́gè ni tiwọn, èyí tó ń rọra lọ bí ẹni tí kò kánjú dé ibì kankan. Èkejì ni Luz, obìnrin ará Kòlóńbíà tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ká aṣọ. Nínú orin ìlú tirẹ̀, ohun èlò kan wà tí wọ́n ń gbé sáyà, tí wọ́n ń fà, tí wọ́n ń tì, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Luz wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tan orin kan, ó yí i sókè títí ògiri fi ń gbọ̀n. Bó bá parí, á tún un tàn. Uncle Clive ní kó rọra, kò dín in kù. Inú bí wọn, wọ́n lọ pa orin náà, wọ́n ní ibí kì í ṣe ilé ọtí. Luz figbe ta, ó ju táwẹ́ẹ̀lì ọwọ́ rẹ̀ lù wọ́n. Ni mánéjà bá jáde. Kò béèrè nǹkan kan, ó gbé sípíkà wọ ọ́fíìsì, ó ní orin ti tán níbẹ̀.

Nígbà tí a lọ jẹun, mo bá Luz lẹ́yìn ilé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló kú nílé, wọ́n ń sin ín lọ́jọ́ yẹn gan-an, orin tó fẹ́ràn jù lòun ń tàn. Ó ní bí òun ò bá lè débẹ̀, kí ariwo òun ṣáà débẹ̀. Mo ní pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ kéré. Mo lọ sọ fún Uncle Clive.

Wọ́n jókòó lórí agbọ̀n aṣọ. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí kò sọ. Mo ní àwa tí a wá láti òkèèrè, a kì í mọ ẹni tí à bá sọ irú ẹ̀ fún. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n lọ bá mánéjà. Mo gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀bi àwọn ni, kó jọ̀ọ́. Mánéjà fajú ro, ṣùgbọ́n ó gbé sípíkà náà fún wọn. Àwọn fúnra wọn ló gbé e lọ fún Luz, wọ́n ní kó tan orin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n dúró tì í, wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n sì ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Luz ní ọkùnrin kan ló ń kí odò ìlú rẹ̀ pé ó dìgbóṣe.

Èmi ń ká aṣọ lọ ní tèmi. Àfi bí mo ṣe rí i tí omi ń kán sórí aṣọ funfun. Ìyá mi, orin tí mi ò gbọ́ èdè rẹ̀ ni mo fi sunkún Bàbá. Mo sunkún débi pé Luz tó ń ṣọ̀fọ̀ ló tún wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Uncle Clive kò bi mí léèrè. Wọ́n gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a.

Mo ti fi orin ránṣẹ́ sórí fóònù Kẹ́hìndé. Ti Luz, ẹ gbọ́ ọ lọ́sàn-án, nígbà tí èèyàn bá wà lọ́dọ̀ yín. Rẹ́gè yẹn, ẹ máa fi ṣa ẹ̀wà. Jáàsì kan wà níbẹ̀ tí kò lọ́rọ̀, fèrè nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí oorun ò kùn ló wà fún. Ẹ ó bá orin ìjọ aláṣọ funfun níbẹ̀, ẹ má bínú. Mummy Ìyanu tó ni ilé tí mò ń gbé ló ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, mo sì ti mọ̀ ọ́n sórí kí n tó fura. Èyí tí àwọn ọmọ Peckham ń sọ wàràwàrà bí ẹni ń jà, ẹ fi sílẹ̀ fún Kẹ́hìndé. Èmi náà ń gbìyànjú láti fẹ́ràn rẹ̀. Kò tíì wọlé.

Ó ṣì ń rẹ̀ mí o. Orin ò dín aṣọ kù. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé sọ fún mi pé ẹ̀yin náà ò kọrin mọ́. Ó ní àwọn tó ti Mẹ́kà dé ránṣẹ́ pè yín kí ẹ wá fi wákà pàdé wọn, ẹ ní ohùn yín ti bá Bàbá lọ. Ẹ ò sọ fún mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ jókòó sí àgbàlá, kí Kẹ́hìndé gbé fóònù sún mọ́ yín, kí ẹ kọ ọ̀kan, ì báà jẹ́ ìlà kan péré. Bí ẹkún bá já a, ẹ má nù ún kúrò. Ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Uncle Clive àti Luz ti ní kí n mú orin ilé wa wá, mo sì ti sọ fún wọn pé ìyá mi ló ń kọ ọ́.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ Bàbá. Kó dá yín sí fún wa, kó fi ojú wa rí ara wa ní ayọ̀. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Rìsíkátù