Tètè Tà Á Kí Lucy Tó Ta Tiẹ̀

Ìbídùn ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, gbèsè ò sì ní jẹ ọ́ tán. Àwa náà wà ní Iwaraja ńbí, àfi orúnkún mi tó ń dùn mí, ìyá rẹ sì ní kí n sọ fún ọ pé ewúrẹ́ rẹ̀ ti bímọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní báńkì tó yá ọ lówó ra mọ́tò ń gé owó oṣù rẹ kó tó dé ọwọ́ rẹ, ìyókù ò tó jẹun, o sì fẹ́ ta mọ́tò náà kí o fi san gbèsè. Inú bí mi gan-an. Ṣé kí ọmọ tèmi máa fẹsẹ̀ rìn, kí Lucy ọmọ Béjidé máa wa mọ́tò kọjá lójúde mi? Béjidé yìí tí a jọ ṣe òṣómàáló, tí a jọ ń ta aṣọ láwìn, tó jẹ́ pé èmi ni mo ń bá a gba owó aṣọ rẹ̀! Láti ìgbà tí Lucy ti gbé mọ́tò wálé, kò fẹsẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, bẹ́ẹ̀ tó bá wúkọ́ nílé, wọ́n á gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú-ò-rọ́lá-rí! Mo ń jowú o, n ò ní parọ́ fún ọ.

Mo wá rò ó pé ẹni tó bá mú owó oṣù ọmọ mi, onígbèsè mi ni. Mo wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, mo rí orúkọ báńkì náà lára ògiri, mo mọ̀ pé ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ti Èkó. Mo bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wọn bí mo ti máa ń ṣe lójúde onígbèsè, mo ní n ò ní dìde títí wọn ó fi dá owó rẹ padà. Ojú ò tì wọ́n rárá! Ọlọ́dẹ wọn rò pé owó ìfẹ̀yìntì ni mo wá gbà, ó gbé bẹ́ǹṣì wá, ó ní kí bàbá jókòó kí wọ́n tò. Èmi tí àwọn onígbèsè ń sá fún!

Orúnkún mi há síbẹ̀, n ò lè dìde mọ́, àfi bí Lucy ṣe jáde látinú báńkì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fà mí dìde, ó ní òun á gbé mi délé. Àga mọ́tò náà rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gún mi nídìí.

Lójú ọ̀nà ló bú sẹ́kún. Ó ní báńkì yìí náà ló yá òun lówó ra mọ́tò, ó ti sú òun, òun fẹ́ tà á, ṣùgbọ́n bàbá òun búra pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọmọ Gbádéyan bá ṣì ń wa mọ́tò. Háà! Béjidé ń jowú mi! Inú mi dùn débi pé orúnkún ò dùn mí mọ́. Mo rẹ ọmọ náà lẹ́kún, mo ní kó ṣe sùúrù, kó má tíì tà á.

Nítorí náà, Ìbídùn, bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, tètè ta tìrẹ. N ò ní gbà kí ọmọ Béjidé ṣáájú ọmọ mi jáde nínú gbèsè láéláé. Tí o bá san án tán, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà. Tí Lucy bá gbọ́, òun náà á ta tiẹ̀, ẹsẹ̀ sì ni èmi àti Béjidé máa jọ fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dára ju tèmi lọ.

Kí Olúwa máa ṣáájú rẹ, kó sì jẹ́ kí o ṣáájú Lucy. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Elisha Gbádéyan