Ayùn Oníná Tí Ọkùnrin Yẹn Fi Ránṣẹ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Ojú rẹ kò ní rí ohun tí ẹnu rẹ kò ní lè sọ. Ara èmi àti màmá rẹ le. Ayùn oníná tí ọkùnrin tí o ń pè ní ọ̀rẹ́ rẹ fi ránṣẹ́ sí mi nìkan ni ara rẹ̀ kò yá nínú ilé yìí.

O ní kí n fi ṣiṣẹ́ ná, kí n tó dáhùn bóyá kó wá kí wa. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti ń fi ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti ki pákó bọ̀ ọ́ lẹ́nu, èéfín á rú, etí pákó á dúdú bí ìdí ìkòkò, ibi tó gé á wá rí ṣákaṣàka bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́. Ayùn ọwọ́ tí mo fi rán ọ nílé-ẹ̀kọ́ kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹni tó fún bàbá ní ayùn tó ń jẹ pákó bí eku, kí ni yóò fún ọmọ?

Má rò pé n kò tọ́jú rẹ̀ o. Onígíláàsì tó ń gé gíláàsì ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi ti yọjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní ìgbálẹ̀ lòun wá yá. Ìgbálẹ̀ wo? Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi sípánà tú abẹ ayùn náà, èyí tó rí roboto bí àwo, mo ń gbé e lọ sílé, mo ń tì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀ mo tún dè é padà. Wọ́n sì ya ọfà sí ojú rẹ̀ kan. Kí ni ọfà ń wá lára irinṣẹ́? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ èmi gan-an ló kọjú sí, bí ìgbà tí ọdẹ rí ẹtu. Mo ní èmi kọ́, mo yí abẹ náà, mo da ojú ọfà sínú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe láràárọ̀. Ìwé tó bá a wá, ojú ewé mẹ́rìnlá ni, ìkìlọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ kì í kìlọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo pa á dé.

Ní Ọjọ́bọ̀ orí ń fọ́ mi, màmá rẹ ló bá mi de abẹ náà. Ó da ojú ọfà síta, ó ní eyín ló yẹ kó kọ́kọ́ kan pákó, ta ni ń fi ìpàkọ́ jẹun? Ọmọ mi, pákó já geere, kò sí èéfín, ó ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Mo wo màmá rẹ títí. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ sọ ọ́? Lọ́jọ́ kejì mo fọwọ́ ara mi dè é, èéfín tún dé. Màmá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní ayùn kì í gé fún ẹni tó bá yí i lójú padà.

N kò tíì gbà. Sọ fún ọkùnrin náà kó wá ní Sátidé. N ó gbé abẹ àti sípánà sórí tábìlì, kó dè é lójú mi. Bí pákó bá já geere, n ó fún un ní àga jókòó. Bí èéfín bá rú, kó gbé ayùn rẹ̀, kó fi ọmọ mi sílẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó àgádágodo méjì ránṣẹ́, èyí tó wúwo, nítorí onígíláàsì. Mo sì ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú tí màmá rẹ dà síta, nítorí ọ̀nà tí ọkùnrin náà yóò rìn jìn, n kò fẹ́ kó ṣì í dè. Má sọ fún un.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì fi ìpàkọ́ jẹun láyé.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń ṣọ́ ọ.