Ta Ló Ń Yọ Oògùn Mi?

Òpópónà Réluwé,
Ọ̀fà.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kọkànlá, 2025.

Susannah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

O rántí àwọn olùwádìí tó kó àwa tí a ní kòkòrò HIV jọ ní ọsibítù, tí wọ́n ń wo ohun tí àrùn náà ti ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró wa. Oṣooṣù ni mò ń lọ fẹ́ èémí sínú rọ́bà wọn, wọn a sì ka hóró oògùn tó kù nínú ike mi. Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì Dúpẹ́olúwa ní ó fi mẹ́sàn-án dín. Ó wò mí bí ẹni ń wo olè. Èmi náà wò ó padà: ta ló mọ̀ bóyá òun ló yọ ọ́ kó tó dé ọwọ́ mi?

Mo wá ń kà á fúnra mi. Ó tún dín. Mo ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ojú mi lọ sára Màrdíyyàh, ìyàwó Taofeek ọmọ mi, nítorí òun ló ń gbálẹ̀ yàrá mi. Mo gbà pé ó ti mọ àṣírí mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni n ò fi jẹ oúnjẹ tó sè. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ń lọ sí àsálátù, mo gbàgbé tẹ̀sùbáà mi, mo padà sílé. Bàbá Taofeek ni mo bá nídìí àpótí mi, oògùn lọ́wọ́ kan, omi lọ́wọ́ kejì. Wọn ò tilẹ̀ ta gìrì. Wọ́n ní, "Ṣebí oògùn ikọ́ rẹ ni. Látìgbà tí o ti ń lò ó, àyà rẹ fúyẹ́. Èmi náà ń húkọ́."

Susannah, èmi ni mo pè é ní oògùn ikọ́, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé nílé wa, oògùn tó bá ti bá ẹnì kan lára mu, gbogbo ilé ní í lò ó. Bí wọ́n bá ní àrùn yìí, mímu lónìí fífò lọ́la á jẹ́ kí oògùn náà mọ́ kòkòrò lára. Bí wọn ò bá ní i, a jẹ́ pé ikọ́ tí wọ́n ti ń hú láti oṣù mẹ́ta ò tíì rí ìtọ́jú kankan. Ẹ̀rù yẹn ju ìtìjú lọ. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ojú tí nọ́ọ̀sì fi wò mí.

Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: "Ta ló kó o ran èkejì?" N ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n jáde. Láti ọjọ́ náà wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ń ṣọ́ wọn, mò ń rò ó bóyá wọ́n á lé mi. Ọ̀la, Ọjọ́bọ̀, ni ọjọ́ ọsibítù mi.

Kí Ọlọ́run wo orúnkún rẹ sàn, kó má fi ojú rẹ sunkún ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Asiata.

Àfikún: Ilẹ̀ ti mọ́, n kò tíì lẹ lẹ́tà yìí. Bàbá Taofeek ti wọ bàtà, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ike oògùn mi. Wọ́n ní kí n yára, àwọn fẹ́ sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn pé àwọn gan-an ni olè.