Lẹ́tà sí Denzil Lórí Igi Ìbọn Pápá

Caney Branch,
Kentucky.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, 2014.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Denzil,

Mo kí ọ, mo kí Tressa ọmọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ tirẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ kí ilé rọ̀. Mo ní ìgbàgbọ́ pé ara rẹ ń le sí i lójoojúmọ́, pé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu, àti pé ooru Dayton kò mú yín tó tiwa níhìn-ín. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, orúnkún mi ń ké ṣùgbọ́n mo ṣì ń gun òkè. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Mo ti dìde lórí àga yìí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ ìwọ̀nba tí o kà yìí. Mo lọ wo omi tí mo gbé kaná, àṣé mi ò gbé omi kankan kaná. Mo lọ sídìí àpótí lẹ́tà lẹ́bàá títì, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé obìnrin tó ń pín lẹ́tà ti kọjá tipẹ́. Ó ti sú ajá pàápàá, kò tẹ̀lé mi mọ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù kí ìjọba ṣí ìgbà ọdẹ ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èso igi híkọ̀rì lórí òkè wa, èèpo rẹ̀ sì ń já bọ́ sórí ewé gbígbẹ láti ìdájí. Ìwọ kò tíì sọ fún mi bóyá o ń bọ̀ tàbí o kò bọ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìdí mi balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù nínú oṣù Karùn-ún ṣì wà létí mi. O ní, "Sísì, ẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ ní ìbọn Pápá. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti kú. Kí ni mo fẹ́ fi ìbọn ṣe, ṣé kí n máa fi ti ilẹ̀kùn ni?" Látìgbà náà, nígbàkigbà tí mo bá pè, Tressa á ní o ń sùn. Ta ló ń sùn láago mẹ́wàá àárọ̀, tó tún ń sùn láago mẹ́ta ọ̀sán, tó tún ń sùn nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n? Rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ọ́ nínú oṣù Kejì, kì í ṣe àrùn oorun.

Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ìbọn náà. Mo ń tún igi ìdí rẹ̀ tí à ń gbé lé èjìká ṣe, kí o lè máa fi èjìká òsì yìn ín. Kí o tó bínú, jọ̀ọ́, ka lẹ́tà yìí dé ìparí.

Arvil tó ń ta irinṣẹ́ nísàlẹ̀ odò ni mo kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Ó ṣí ìwé kan fún mi, àwọn tó ń ta igi ìbọn tuntun ló kó àwòrán ọjà wọn sínú rẹ̀. Ó ní èyí tó ṣeé fà gùn, ó ní èyí tó ń lọ sókè sódò bí àga onígbàjámọ̀. Mo wo iye tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, mo ní, "Arvil, ṣé màlúù wà nínú ẹ̀ ni?" Ó ní, "Àǹtí Orlena, ìbọn gan-an ò sí nínú ẹ̀, áńbọ̀ǹtórí màlúù. Igi lásán ni o." Mo bá pa ìwé náà dé. Ìbọn kékeré tí Pápá fi owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì nínú ihò ìwakùsà èédú rà, tí ọta rẹ̀ kò ju ìdajì ìka ọmọdé lọ, ṣé igi tó tó owó màlúù ni n ó wá lọ rà fún un?

Ohun tó wà nílé ni mo lò. O rántí pákó orí bẹ́ẹ̀dì Màámi, igi àsálà dúdú yẹn, èyí tó là lọ́dún tí òrùlé ń jò? Mo gé e. Mo ra gọ́ọ̀mù méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀ lọ́dọ̀ Arvil, mo ra sáńpépà àti òróró tí wọ́n fi ń pa igi kó lè dán. Mo gé rọ́bà inú taya kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, òun ni mo fi ń dè é títí gọ́ọ̀mù fi gan. Bàtà òjò rẹ tí o fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti gé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sí ìdí ìbọn kó má bàa máa yọ̀ lórí èjìká. Má wulẹ̀ béèrè bàtà náà mọ́. Gbogbo ìnáwó mi kò tó ogún dọ́là.

Ibi tó le níbẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ igi náà. O mọ ibi tó wú díẹ̀ lápá òsì, tí Pápá fi ọ̀bẹ gbẹ́ kí ojú ẹni lè sinmi lé e. Ẹni tó bá ń yìnbọn léjìká ọ̀tún nìkan ló wúlò fún. Tí èèyàn bá gbé e sí èjìká òsì, apá kejì ni ojú rẹ̀ máa bọ́ sí, èyí tó wú yìí á kàn máa gbé afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Pápá ló kọ́kọ́ sinmi lé ibẹ̀, tèmi tẹ̀ lé e, tìrẹ sì wà níbẹ̀ fún ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ti ń dán bí abọ́. Mo jókòó tì í pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan orí, ọwọ́ mi kò lè kàn án. Nígbà tó yá, mo sunkún, mo fun imú mi, mo sì fá a dànù. Mo fá a, Denzil. Bí o bá fẹ́ bínú, ibẹ̀ ni kí o bínú sí.

Ọlọ́run sì fìyà rẹ̀ jẹ mí lọ́jọ́ kejì. Mo gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tuntun láti ara pákó Màámi, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo fi rọ́bà dè é gírígírí, inú mi ń dùn. Arvil yà lọ́jọ́ kẹta, ó yí igi náà lọ́wọ́, ó yí i padà, ó wò mí lójú. Ó ní, "Àǹtí Orlena, ta ló fẹ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ síbí? Ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ ni?" Àṣé ẹnu ìbọn ni mo kọjú sí ara mi nígbà tí mo ń ṣe é, ọ̀tún ti di òsì mọ́ mi lójú. Ibi tí mo ti fá ti Pápá náà ni mo tún lẹ tuntun mọ́! Ọmọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ní tó bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni n ó yìn. Ó ti sọ ọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi gé e kúrò tí mo sì tún òmíràn ṣe, èyí sì wà ní apá ọ̀tún bó ṣe yẹ.

Ó wá ku gígùn rẹ̀. Ṣé o rántí bí Pápá ṣe máa ń pè wá sídìí tábìlì ìdáná ní gbogbo oṣù Kẹjọ? Á ní ká ká apá, á na okùn láti inú ìgúnpá dé oríkèé àkọ́kọ́ ìka tí a fi ń fa ìbọn, á so kókó, á sì gbé okùn náà lọ sínú ahéré irinṣẹ́. Ó ní, "Ìbọn ló yẹ kó bá ọmọ mu, kì í ṣe ọmọ ló yẹ kó bá ìbọn mu." Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méje, ó fi ayùn gé bíbù méjì pẹlẹbẹ kúrò ní ìdí igi náà fún mi, kò sì jù wọ́n nù. Bí apá mi ṣe ń gùn ló ń fi sùkúrù dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn ọ́, ó tún tú wọn, ó tún dá wọn padà. Ìlà méjèèjì ṣì hàn lára igi náà. Okùn wa ṣì wà lórí ìṣó nínú ahéré, kókó wọn ò tíì tú.

N óò sọ ohun mìíràn fún ọ, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, mo fi gèlè de ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ ìbàdí, kí n lè mọ bí ìbọn náà ṣe máa rí lọ́wọ́ rẹ. Arvil bá mi bẹ́ẹ̀ lójúde, ó ní, "Ta ló mú yín lẹ́rú, Àǹtí?" Lọ́jọ́ kìíní, mo fọ́ ife kan, ẹ̀wà dà sí mi láyà, bọ́tìnì ẹ̀wù mi méjì péré ló sì wọlé láti àárọ̀ títí di alẹ́. Mo ti ń bínú sí ọ láti oṣù Karùn-ún pé o gbé ara rẹ jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìbínú yẹn tán lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé ohun tí o ń bá jà nìyẹn, àbúrò mi, mi ò mọ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Mo ri igi kan tó pẹ̀ka sí méjì lórí mọ́lẹ̀ níwájú àga, iwájú ìbọn ń sinmi lé e, òsì ń ṣe ìyókù. Òsì náà ni mo fi ń nawọ́ kọjá lórí rẹ̀ láti fa irin ẹ̀yìn ìbọn ṣí, kí n tó ki ọta bọ̀ ọ́. Ó falẹ̀, ṣùgbọ́n ọta kan fún ọ̀kẹ́rẹ́ kan ni Pápá kọ́ wa, ta ló ń lé wa? Mo rí i pé nígbà tí igi náà gùn bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹnu ìbọn ń tẹ̀ sílẹ̀. Mo bá tú bíbù Pápá méjèèjì, ó sì fúyẹ́ sí i. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo yìnbọn sí ìdérí agolo ní ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọta mẹ́ta nínú márùn-ún ló bà á. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá kí n dá bíbù kan padà fún ọ, tàbí méjèèjì, tàbí kí n má dá èyíkéyìí padà. Apá tèmi kò lè sọ ọ́ fún mi. Àwọn méjèèjì wà nínú àpò épúróònù mi báyìí, mo ń fọwọ́ pa wọ́n bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Má bínú sí Tressa. Ó sọ fún mi pé òun máa ń rí ìwé nínú garawa ìdọ̀tí rẹ, wàá kọ "Sísì ọ̀wọ́n" sórí rẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ, wàá sì fà á ya. Denzil, ta ló kọ́ ọ ní ábídí? Èmi tí mo di ọwọ́ rẹ mú nígbà tí o ń kọ "D" rẹ sẹ́yìn-sẹ́yìn, ṣé èmi ni o wá ń fi ìkọ̀wé pa mọ́ fún?

Arvil ń bọ̀ ní Dayton lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀ láti wá gbé ẹ̀rọ ìgékoríko kan, ó sì ní ọkọ̀ òun ní àyè. Lóòótọ́, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣùgbọ́n ìwọ fi í júwe ẹ̀ fún un bó bá ṣìnà, mo ti dárí jì ọ́. Mo ti gbé àga méjì lọ sábẹ́ híkọ̀rì mẹ́ta wa, Arvil ló bá mi gbé wọn gun òkè. Àárọ̀ àná mo lọ jókòó sórí ọ̀kan, mo wo èkejì, mi ò lè dúró. Ẹ̀rù ń bà mí, Denzil. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, mi ò sì fẹ́ jókòó síbẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà pẹ̀lú àga tó ṣófo.

Kí Ọlọ́run tó dá ọ sí nínú oṣù Kejì má fi ọ́ sílẹ̀. Kí ẹsẹ̀ rẹ le, kí ọkàn rẹ fúyẹ́, kí o tún jẹ ọbẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná nídìí tábìlì Màámi. Kí òsì rẹ má ṣe kọ̀ ọ́, kí ọ̀tún náà sì rántí rẹ nígbà tó bá yá. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò lè jókòó,
Orlena.

Àfikún: Okùn tó wà nínú àpòòwé yìí, láti ara ìyókù okùn Pápá nínú ahéré ni mo ti gé e. Mo ti kọ orúkọ mi sára àpòòwé kejì, mo sì ti lẹ sítáǹpù mọ́ ọn. Ká apá òsì rẹ, kí Tressa na okùn náà sí i bí Pápá ti máa ń ṣe, kó fi bírò sàmì síbi tó dé. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó bá ọ so kókó. Ọwọ́ òsì kan àti eyín lè so ó. Mo dán an wò nígbà tí mo de ọ̀tún mi, ìgbà kọkànlá ló tó di. Tìrẹ ìbáà wọ́, kò burú. Fi okùn náà sínú àpòòwé kejì, kí o fi ránṣẹ́ sí mi; o kò ní láti kọ nǹkan kan tì í. Mo mọ bí a ṣe ń ka kókó.