Ìlà Kejì Tó Ń Tún Ti Àkọ́kọ́ Sọ

Zaria, oṣù Kejì 1971

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ara mi le, ọyẹ́ nìkan ló ń bá mi jà.

Ẹ̀ka ìṣirò tí wọ́n ń pè ní líníà aljẹ́bírà la ń kọ́ báyìí. Olùkọ́ wa ní ìlà ìṣirò méjì la fi ń wá ohun méjì tí a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìkejì bá kàn ń tún ti àkọ́kọ́ sọ, a ò ní í rí ìdáhùn kan pàtó. Ó yé mi dáadáa. Nínú lẹ́tà mi, mo bi yín léèrè ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, ẹ ní wọ́n wà dáadáa, wọ́n kí mi. Mo béèrè bóyá wọ́n ti ṣe irú tọdún yìí fún ọbẹ̀, ẹ tún ní wọ́n wà dáadáa, wọ́n kí mi.

Eunice ará Arandun, tí a jọ wà ní kíláàsì, ti ilé dé. Bó ṣe rí mi, ó ní, "O kú àṣẹ̀yìndè Màmá," ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo mọ̀ pé ìdánwò mi lẹ ń rò. Màá ṣe é.

Ẹ kí ará ìjọ. Ẹ kí Màmá. Bí koríko bá ti hù níbi tí wọ́n wà, ẹ bá mi fà á tu.

Ọmọ yín,
Ọlágúnjú